Píjò Fákúnlé ní Kọ́nà Ìdí Máńgòrò

Láyé ìgbà tí owó epo ń ṣàn bí omi yẹn, bí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Òṣòdì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ ó rí àwọn mọ́tò tí imú wọn ti tẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ wọn ti wó, tí wọ́n tò síwájú ṣẹ́ẹ̀dì Fákúnlé bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Páńẹ́bítà ni Fákúnlé, ọmọ Ìkìrun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi òòlù na irin ara mọ́tò tó ti wó títí yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́tò Mọ́ńdè wọ̀nyí kì í ṣe èyí tó kọ lu ara wọn lójú títì o. Mọ́tò eré ni wọ́n. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ní pápá kan lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀, lápá ọ̀nà Ailégùn, àwọn ọkùnrin tí ara ń ta a máa kó ògbólógbòó ọkọ̀ wọn jọ, wọ́n a máa sáré yípo lórí ilẹ̀ pupa, wọ́n a máa gbá ara wọn nídìí, èrò a sì máa hó. Lọ́jọ́ kejì, Fákúnlé ni wọ́n ń kó àbọ̀ rẹ̀ wá bá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò sí ohun tó wu ọkùnrin yìí láyé bíi kó jókòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà kó sì sá a. Kì í ṣe pé ó ń wá ife ẹ̀yẹ. Ìyípo kan ṣoṣo ni, kí erùku pupa tirẹ̀ náà bo ẹlòmíì lójú, ó parí. Bí onímọ́tò bá ti lọ jẹun, Fákúnlé á ṣílẹ̀kùn, á jókòó, á di sítíárìn mú, á sì máa wo ojú irin lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń wo ọ̀nà ìlú rẹ̀. Rélùwéè á kọjá, kò ní mọ̀. Wọ́n á pè é, pè é, kó tó jẹ́. Àwọn ará ṣẹ́ẹ̀dì á ní ẹ fi í sílẹ̀, Fákúnlé ti lọ sí Ìsọlọ̀, ó ń bọ̀. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú. Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti Fákúnlé ò tíì pọ̀, kò tilẹ̀ tíì tó ẹyọ kan.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tirẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan ló da Píjò rẹ̀ dé lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ó ní òun ò fẹ́ fojú kan án mọ́, òmíràn lòun máa rà. Ayé ìgbà náà nìyẹn. Fákúnlé fi okùn wọ́ ọ wálé. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń mú ilẹ̀kùn níhìn-ín, ó ń mú bọ́ńẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, ohun tí ẹlòmíì bá jù nù lòun ń gbé lé e. Gàfárù mẹkáníìkì bá a wá ẹ́ńjìnnì. Agboolé kan náà ni wọ́n ti jọ dàgbà ní Ìkìrun, Gàfárù sì wà lára àwọn tí èrò ń tìtorí wọn wá sí pápá. Nígbà tí ara ọkọ̀ náà ti jọ̀lọ̀, Fákúnlé kùn ún ní funfun, ó fi ọ̀dà pupa kọ TÈMI sára ilẹ̀kùn rẹ̀, gàdàgbà. Ìyàwó rẹ̀, Wàsílátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Bọ́lájí, ní kí wọ́n má tan òun, òun ti mọ̀ pé orogún lòun ní. Bí Fákúnlé bá pẹ́ kó tó wọlé, ohun tó máa ń bi í ni pé ṣé ìyàwó kékeré ti jẹun.

Ṣùgbọ́n nǹkan ò jẹ́. Lọ́dún kan, ẹ́ńjìnnì kọ̀ láti jó. Lọ́dún kejì, Sọ́ńdè tó yẹ kó sáré gan-an ni Wàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí Bọ́lájí, ta ni yóò fi ìyẹn sílẹ̀ lọ gun mọ́tò? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gíà Píjò tí Gàfárù ń wà nígbà náà fọ́ nígbà tí eré kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ pé kí Fákúnlé yá òun ní ti TÈMI. Ọ̀rẹ́ tó wá ẹ́ńjìnnì fún ọ, kí lo fẹ́ sọ fún un? Ó tú u fún un. Báyìí ni ọkọ̀ náà ń múra tán, tó ń tún bọ́ra sílẹ̀, tí ọkàn Fákúnlé sì ń fà á lọ sí Ìsọlọ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, tí yóò lọ dúró láàárín èrò, tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì tí kò sí níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti wá rèé. Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò orílẹ̀-èdè yìí kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ẹgbẹ́ eléré mọ́tò náà ṣe ìpàdé. Alága wọn ni Tíṣà Abórìṣàdé, ará Èkìtì, olùkọ́ ní Ìsọlọ̀, ẹni tó fẹ́ràn kí ohun gbogbo wà létòlétò. Wọ́n ní àwọn ò lè máa yípo sọ́nà àtijọ́ bí ẹni tó ń bá ìjọba ṣe oríkunkun. Bí gbogbo ìlú bá yí, kí pápá náà yí. Wọ́n dìbò, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípo láti apá kejì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ láti dáàbò bo òǹwòran, ibi tí mọ́tò ti ń já jáde nínú kọ́nà nígbà àtijọ́ ló wà. Nígbà tí wọ́n yí eré padà, ìdí máńgòrò lódìkejì ni mọ́tò ń já sí, níbi tí èrò fẹ́ràn láti dúró nítorí ibòòji. Wọ́n yí mọ́tò padà, wọn ò yí òkìtì padà. Gbogbo ẹgbẹ́ pátá, orí kan ò sọ fún ọ̀kan nínú wọn.

Ọlọ́run bò wọ́n láṣìírí fún ìgbà díẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Owó Údójì ló tú àṣírí. Àwọn òṣìṣẹ́ gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì tuntun sì dé pápá. Ní Sọ́ńdè ọjọ́ kan, Akínbọ̀wálé, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan, já jáde nínú kọ́nà, mọ́tò rẹ̀ kọ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ó fò wọ abẹ́ máńgòrò lọ. Èrò sá yẹ́yẹ́. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà gbá Ìsíátù, àbúrò Wàsílátù, ó sì dá a lẹ́sẹ̀. Aránṣọ ni Ìsíátù, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an ló dá. Fákúnlé ló sì pè é wá wòran.

Òun ló gbé e jáde kúrò nínú erùku. Ó ń sunkún, kò tijú. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, inú ẹkún yẹn ló ti rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà lódìkejì, tí koríko ti hù lé lórí, tí òjò ti wọ́ ìdajì rẹ̀ lọ, tó dúró tí ń ṣọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí.

Ìjọba ti pápá pa. Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo. Ó ní kò ní sí eré mọ́ àfi bí odi gidi bá wà ní kọ́nà ìdí máńgòrò, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ tí òjò lè wọ́ lọ, kí ó má sì ní àlàfo kankan. Ó ní kí olúkúlùkù wakọ̀wakọ̀ tún jó ọ̀pá irin mọ́ inú ọkọ̀ rẹ̀, kó lè gba orí rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ohun tó sọ kò burú. Owó rẹ̀ ló burú. Ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá láti ìlú òyìnbó tò lọ súà lórí òkun Àpápá, wọn ò ráyè já ẹrù, àpò sìmẹ́ńtì tó sì dé ilẹ̀ di ohun tí a ń fi ọ̀rẹ́ wá. Tíṣà lọ bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó yí pápá náà ká, wọ́n ní àwọn ò ní owó tí àwọn fẹ́ fi mọ odi fún wèrè. Owó wà fún léèsì nígbà náà o, owó wà fún ọtí, owó wà láti ná sí èèyàn lórí. Owó kí ẹsẹ̀ ọmọ ẹni má dá ni ò sí. Àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ náà pẹ̀lú ti sọ tiwọn: bí Kérésìmesì bá kọjá tí eré ò bẹ̀rẹ̀, àwọn máa ta á fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí.

Gàfárù ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní àwọn òkú mọ́tò ńkọ́? Kí wọ́n ri wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìdajì, kí wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ kún inú wọn, kí wọ́n fi ṣéènì so wọ́n pọ̀. Ọkùnrin ìjọba ronú sí i, ó gbà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà kan ni, òkú mọ́tò ò wọ́n l'Ékòó, gbogbo etí títì ló kún. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún Fẹ́sítáàkì ń bọ̀, àlejò gbogbo ayé ń bọ̀, ìjọba sì ti ní kí wọ́n palẹ̀ gbogbo ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ wá kiri, wọ́n bẹ̀ kiri, wọ́n rí àwọn díẹ̀ gbé wá, odi gùn, ó gùn, ó sì ku ọkọ̀ kan. Àlàfo kan ṣoṣo, ní ọ̀kánkán ibi tí Ìsíátù ti ṣubú. Gàfárù ní kí wọ́n mú tòun, ṣùgbọ́n ó ti pààrọ̀ Píjò rẹ̀, Fọ́síwágìn kékeré tí à ń pè ní ìjàpá ni tirẹ̀ báyìí, kò lè dí i. Àwọn yòókù tí wọ́n ní mọ́tò gbọọrọ ń wo òkè bí ẹni tó ń wá òṣùpá lọ́sàn-án.

Ẹ sì mọ ibi tí TÈMI wà nígbà náà? Ó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì l'Óṣòdì, ó pé pérépéré. Ẹ́ńjìnnì ń jó, gíà ti padà sílé, Fákúnlé sì ti jó ọ̀pá irin sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí yóò sáré lọ́jọ́ tí pápá bá ṣí. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò ku nǹkan kan mọ́.

Tíṣà Abórìṣàdé wá sí ṣẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó bèèrè Bọ́lájí, ó bèèrè ara Ìyá Bọ́lájí, ó ní oòrùn ọdún yìí mà mú. Ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń lọ sára ọkọ̀ funfun náà, ó ń yára mú un kúrò. Fákúnlé ń na irin lọ.

"Fákúnlé, mi ò wá tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ," ni Tíṣà sọ níkẹyìn.

"Mo mọ̀, sà," ni Fákúnlé dáhùn. "Ẹ kàn wá wò ó ni."

Tíṣà dìde, ó lọ. Inú bí Fákúnlé, kí a má parọ́. Ó na irin ọjọ́ náà bí ẹni pé irin ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ lọ́kàn pé ta ló fi òkìtì sílẹ̀ lódìkejì, ṣé òun ni? Ta ló ní owó Údójì, ṣé òun ni? Nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ṣé wọ́n bi òun? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo náà ò yéé wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ìsíátù wá, ó ń fi ọ̀pá rìn, ẹsẹ̀ tó dá náà ti jinná ṣùgbọ́n kò gùn tó èkejì mọ́. Fákúnlé rò pé òun náà wá nítorí ọkọ̀ ni, ọkàn rẹ̀ le. Ìsíátù ò tilẹ̀ wo ọkọ̀. Ó ní òun ń bọ̀ láti ibi tí òun ti lọ ra òwú, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣí pápá.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ tún lọ wòran," ló wí. "Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́sí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí."

Fákúnlé gbé òòlù sílẹ̀. Ó bi í pé ṣé ẹ̀rù ò bà á ni.

"Ó ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìró mọ́tò yẹn. Mo fẹ́ lọ dúró síbẹ̀ kó kọjá lójú mi, kó má fọwọ́ kàn mí. Bóyá màá tún lè tẹ ẹ̀rọ mi láìfò."

Ìsíátù kí gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì, ó gba ẹ̀bá ojú irin lọ, ó ń tiro. Fákúnlé ń wò ó lẹ́yìn títí èrò ọjà fi bò ó mọ́lẹ̀. Òun tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ojú ọ̀nà pápá yẹn, kò mọ̀ pé ẹlòmíì náà ń wo ọ̀nà ibẹ̀, pé ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ níbẹ̀ kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí èkejì ń fẹ́. Inú tó ń bí i láti àná rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìbànújẹ́ lásán ló kù.

Nígbà tó sọ nílé pé òun máa fi TÈMI dí àlàfo náà, Wàsílátù ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ, ó gbé omi àti àkísà wá sí ṣẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, ó fọ ara ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, ó nu gíláàsì rẹ̀, bí a ṣe ń wẹ ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ. Fákúnlé bojú wo ibòmíì.

Òun ló wà á láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Nígbà tó wọ pápá, ilẹ̀ pupa náà tẹ́ síwájú rẹ̀ yípo, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo lórí epo. Ìyípo kan ṣoṣo. Ta ni yóò pa á? Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ri òkú mọ́tò mọ́lẹ̀ àti àwọn tó ń fi bárò kó yẹ̀pẹ̀ wà káàkiri ojú ọ̀nà náà, ọkùnrin ìjọba sì dúró ní kọ́nà. Fákúnlé sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun kó àwọn èèyàn kúrò lọ́nà, kí òun yípo lẹ́ẹ̀kan péré. Ojú ọkùnrin náà fi hàn pé àánú ṣe é. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré lórí pápá yìí kí odi tó pé, ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú. Odi ò sì lè pé àfi kí TÈMI wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Fákúnlé padà sídìí sítíárìn, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé etí ihò tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Gàfárù ò lè wò ó nígbà tí wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì. Owó ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n fi ra ṣéènì. Wọ́n ti ọkọ̀ náà wọ àyè rẹ̀, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ TÈMI sí kọjú sí ojú eré.

Sọ́ńdè tí pápá ṣí, èrò ò lóǹkà. Ìsíátù dúró sí abẹ́ máńgòrò, ní ibi tó wí gan-an, Wàsílátù di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Fákúnlé dúró ti ẹ̀yìn TÈMI, ó fọwọ́ lé orí rẹ̀, oòrùn ti mú irin náà gbóná. Nígbà tí àwọn mọ́tò gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: epo, búréèkì, epo. Gàfárù ló wà níwájú. Ó já jáde nínú kọ́nà pẹ̀lú ariwo, táyà rẹ̀ bẹ́ gbàà, ìjàpá náà sì yí dà sọ́dọ̀ wọn. Ìsíátù ò sá. Bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ò jẹ́, bóyá òun ni ò fẹ́. Ọkọ̀ náà kọ lu ilẹ̀kùn TÈMI, ilẹ̀ mì, yẹ̀pẹ̀ fò, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sún mọ́ wọn ní ìka kan.

Nígbà tí erùku lọ, Ìsíátù ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gàfárù rá jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, orí pé, apá pé, ó fò mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn.

"Fákúnlé, ọkọ̀ ẹ dúró! Òun ló gba gbogbo wa là."

"Ó dúró," ni Fákúnlé wí. Omi lé ròrò sí i lójú. "Kó lè máa sáré ni mo ṣe kọ́ ọ."

Gàfárù di í mú níbẹ̀, èrò ń hó lé wọn lórí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n kó àwọn mọ́tò tó fara pa wá sí ṣẹ́ẹ̀dì bí ìṣe wọn, ti Gàfárù ló sì burú jù. Fákúnlé ò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Ó kó òòlù rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìsọlọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú pápá tó dá páro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ilẹ̀kùn TÈMI tó ti wó. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ bi í pé kí ló dé, odi mà ni, ta ló ń wo ẹwà odi. Fákúnlé na án, ó fọwọ́ pa á wò, ó tún na án, títí ó fi jọ̀lọ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ náà máa jáde ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀.